Ilà Kútẹ́ẹ̀sì Lójú Kọ̀ǹpútà Mi

Bí ẹ bá dé Òpópónà Warri sí Sapele lónìí tí ẹ béèrè Alàgbà Gàníyù, wọn óò wò yín bí ẹni tó ṣìnà. Ẹ béèrè Kútẹ́ẹ̀sì, ọmọdé á fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí mo ti lọ Mẹ́kà tí mo sì ti bọ̀, orúkọ ohun tí obìnrin fi ń kun èékánná ni wọ́n ń pè mí, inú kì í sì í bí mi. Iṣẹ́ mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí wa ló ní kí n kọ bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ ayé mi sílẹ̀, pé àwọn ń wá iṣẹ́ tí àwọn óò kọ́. Mo ní ó dáa, àmọ́ kí wọ́n má kán mi lójú o, nítorí àgbà tó bá ń rántí ìgbà èwe rẹ̀ kì í yára dákẹ́.

Iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ ni mo ṣe. Olórin á wá, á kọrin, èmi á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó lè dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe é. Ti owó ibẹ̀, ẹ má bi mí. Ó tọ́ àwọn ọmọ mi, kò kọ́ ilé alájà mẹ́ta fún mi. Àmọ́ n kò rántí àárọ̀ kan tí mo jí tí mo sọ pé n kò fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ìyẹn náà ju ilé lọ.

Ìjẹ̀bú ni bàbá mi. Akọ̀wé ni níléeṣẹ́ epo kan, àwọn ló gbé e wá sí Warri nígbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bí òjò. Ohun tó ń fẹ́ ni kí n kọ́ iṣẹ́ jíjó irin pọ̀, kí n lè wọlé síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Mo sì ń lọ síbi tí wọ́n ti ń jó irin lóòótọ́, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń kọjá lẹ́bàá ilé kan ní Òpópónà Sapele tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kọ ẹsẹ orin kan ṣoṣo. Ó kọ ọ́ tán, ó tún un kọ. Mo dúró, mo ń kà á. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kọkànlá, mo rí i pé ẹ̀ẹ̀kejìlá máa dára ju gbogbo wọn lọ, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga kan, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìtukọ̀, ló ṣí i. Mo ní, "Oga, this last one na him correct pass." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Tomorrow, come sweep." Bí mo ṣe bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Oṣù méjì ni bàbá mi fi bínú kó tó dáhùn ìkíni mi.

Ọ̀gá Ovie lorúkọ ọkùnrin náà, Ùrhobo ni. Yàrá méjì péré ni sítúdíò rẹ̀. Ó fi tìmùtìmù àtijọ́ àti páálí ẹyin bo gbogbo ògiri kí ariwo òde má baà wọlé. Ẹ̀rọ téèpù kan tó tóbi tó àpótí aṣọ ìyàwó ló wà láàárín, òun ni gbogbo wa ń forí balẹ̀ fún. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kàn án. Mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo fi òwú àti sípíríìtì nu ibi tí téèpù máa ń gbà kọjá. Bí mo bá jẹ àkàrà, mo gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Ọ̀gá á tún gbóòórùn ìka mi. Ìgbà kan wà tó lé mi jáde nítorí ẹja dídín tí mo jẹ lálẹ́ àná.

Lára ẹ̀rọ náà ni abẹ́rẹ́ kan wà nínú gíláàsì. Bí olórin bá ké, abẹ́rẹ́ á sáré lọ sápá ọ̀tún. Bó bá lọ jù, ohùn á bàjẹ́, á máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ. Bí kò bá lọ tó, ariwo téèpù á bo orin mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ yìí kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, iná yàrá náà kò sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ni Ọ̀gá Ovie bá gba kútẹ́ẹ̀sì pupa lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fi fa ilà tín-ín-rín kan sójú gíláàsì. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ máa fẹnu kan ilà yẹn, kò gbọdọ̀ fò ó. Òfin sítúdíò nìyẹn, kò sí àlàyé míì.

Àmọ́ kí ó tó gbà kí n wo ilà náà, ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n kẹ́yìn sí i. Ó máa ní kí n kọjú sí ògiri, òun á máa yí orin sókè sódò, á wá bi mí pé, "Where needle dey?"

"E don reach red, Oga."

"Lie. E never reach. Clean your ear."

Ọdún kan gbáko la fi ṣe eléyìí. Ògiri yẹn, mo mọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ju ojú ìyá mi lọ. Nígbà tó yá, mo lè fi etí sọ ibi tí abẹ́rẹ́ wà láìṣì. Ó kí mi kú iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré, mo ṣì rántí aṣọ tó wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú ṣe rí nígbà náà, kí inú yín lè dùn bí tèmi. Owó epo wà níta, gbogbo ẹni tó bá gba ìgbéga níbi iṣẹ́ ló ń fẹ́ kí wọ́n kọrin kí òun. Ẹgbẹ́ olórin tó wà ní àdúgbò Okere nìkan, n kò lè kà wọ́n tán. Ọkùnrin kan gbé mọ́tò tuntun rẹ̀ wá, ó ní kí a gba ìró fèrè rẹ̀ sínú orin tí wọ́n kọ kí òun. Ọ̀gá Ovie tí kì í rẹ́rìn-ín, ó fa wáyà máìkì gba ojú fèrèsé jáde, ó sì fi ojú líle ní kí ọkùnrin náà fun fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí a lè mú èyí tó dára jù. Gbogbo àdúgbò pé lé wa lórí. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún la mú.

Àárín ìgbà yẹn ni mo ṣe àṣìṣe mi àkọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Mofẹ́, olórí ẹgbẹ́ olórin kan ní Okere, kọ orin rẹ̀ tán, ó lọ. Èmi gba orin ẹlòmíì lé orí ẹsẹ kejì tirẹ̀ lórí téèpù, ẹsẹ náà sì pa rẹ́. Mo dákẹ́. Ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá gbọ́ ọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a, tèmi ò tiẹ̀ pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan. Kò nà mí. Ohun tó sọ ni pé, "Na you spoil am. Na your own leg go carry the news go."

Mo fẹsẹ̀ rìn dé Okere, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ọ̀gbẹ́ni Mofẹ́ bí ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó ń jẹ stáàṣì àti ọbẹ̀ báńgà lọ́wọ́. Ó ní, "So you waka come by yourself?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyà tó fi jẹ mí ni pé oṣù kan gbáko ni mo fi gbé gìtá rẹ̀ tẹ̀lé e ká gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, kó tó kọrin á nawọ́ sí mi, á sọ fún àwọn èèyàn pé, "See this Yoruba boy, na him swallow my verse." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fún mi lóúnjẹ. Mo sanra níbi ìyà yẹn.

Ọdún ń gorí ọdún. Kásẹ́ẹ̀tì dé, ó lé téèpù ńlá lọ. Ọ̀gá Ovie dàgbà, ó fi sítúdíò sílẹ̀ fún mi, ó padà sí Orhuwhorun, ìlú wọn, lọ gbin pákí. Kò gba kí n ṣe ìdágbére fún òun. Ìgò kútẹ́ẹ̀sì ló gbé fún mi, ó ní kí n má jẹ́ kó tán. Èmi náà ń rà á lọ́dọọdún, àwọn obìnrin tó ń tà á sì ń wò mí lójú ìwòkuwò.

Nígbà tí owó epo tún gbérí lẹ́ẹ̀kejì, tí fóònù alágbèéká dọ́wọ́ gbogbo ayé, kọ̀ǹpútà wọ iṣẹ́ wa. Mo ra ọ̀kan pẹ̀lú ètò tí wọ́n fi ń gba ohùn sínú rẹ̀. Ọkùnrin tó tà á fún mi fi ọ̀sán kan kọ́ mi, ó sì lọ. Ẹ wo ìyanu. Bí olórin bá ń kọrin, àwòrán ohùn rẹ̀ á máa jáde lójú kọ̀ǹpútà, á wú níbi tó bá ti ké, á tẹ́ níbi tó bá ti dákẹ́. Fún ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fetí gbọ́ ohùn, n kò rí i rí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò ṣiṣẹ́ kankan, mo kàn ń kí ara mi, "Àsàláàmù aléékúmù, Gàníyù," mo ń wo bí "Gàníyù" ṣe rí.

Ọkùnrin náà tún fi ibì kan hàn mí, ó ní bí ojú bá ń dùn mí, kí n tẹ̀ ẹ́, àwòrán á tóbi sí i, ìyẹn ni súùmù. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ pé àwòrán máa tóbi. N kò bi í pé ohùn ńkọ́.

Ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì jáde, mo fi rúlà fa ilà pupa sójú kọ̀ǹpútà. Mo ti fi ohùn ara mi wọn ibi tó yẹ kí àwòrán dé. Bó bá kan ilà, ó dáa. Bó bá fò ó, kí n rẹ agbára máìkì sílẹ̀. Bí ọ̀gá mi ṣe ṣe é ni èmi náà ṣe é. Fún oṣù mẹ́jọ ni ilà náà fi bá mi ṣiṣẹ́ láìṣì, mo sì ń yangàn kiri pé àwọn òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ yìí kò ronú kan kútẹ́ẹ̀sì.

Nígbà náà ni Màmá Bánkọ́lé dé. Ìlàjẹ ni, ẹ̀bá omi ló ń gbé, ẹja ló ń yan tà, òun ló sì ń lé orin nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn rẹ̀ ní ìhà yẹn. Bánkọ́lé ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ epo, ló mú un wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nǹkan kan hù sí màmá lọ́nà ọ̀fun. Dókítà ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí ó wá sùn sọ́sibítù ní ọjọ́ kejì, ó sì sọ fún wọn láìfi bò pé ẹ̀mí rẹ̀ kò séwu, àmọ́ ohùn lè má padà wá. Bánkọ́lé ní, "Alhaji, na today be today. Anything wey remain for that throat, abeg carry am."

 Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé mo ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀ kí wọ́n tó bí i. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, èmi mọ ara mi jù.

Mo gbàgbé awò ojú mi sí mọ́sálásí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí mo ṣe jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, àwòrán ṣú mọ́ mi lójú. Mo rántí súùmù, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀, àwòrán tóbi, mo ríran kedere, inú mi dùn. Màmá bẹ̀rẹ̀ orin. Àwòrán fò ré kọjá ilà kútẹ́ẹ̀sì. Mo rẹ máìkì sílẹ̀. Ó tún fò ó. Mo tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, títí ó fi wá ń kan ilà jẹ́jẹ́ bí mo ṣe fẹ́. Nínú ohun tí mo fi sétí, n kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì sì ń ké, ni mo bá yí ti etí mi sókè. Mo ní ara tí kò yá ni kò jẹ́ kí màmá lè ké sókè. Orin mẹ́sàn-án ló kọ. Ó dúpẹ́, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, tí mo ti gba awò mi padà, mo kọ orin náà sórí sídíì, mo fi sínú rédíò kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo yí i sókè dé òpin. Ariwo kan ń hó bí ìgbà tí alákàrà bá da ẹ̀wà sínú epo gbígbóná, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, màmá ń kọrin bí ẹni tó wà lódì kejì odò. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì dún jù ú lọ. Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè fi ìdúró rí i. Mo jókòó láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò rí nǹkan kan.

 Mo pe Ọ̀gá Ovie lórí fóònù, oko pákí ló wà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ilà, súùmù, awò ojú, pé àwòrán tí mo sọ di ńlá ló fò kọjá ilà, kì í ṣe ohùn.  Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi tí mo lo ọdún méjìlá lọ́dọ̀ rẹ̀ láìgbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ délẹ̀ rí.

"Ganiyu, you paint television?"

"Yes, Oga."

"My needle and my glass, na the same house dem dey. Dem no fit waka leave each other. This your own, the glass dey one place, the picture dey anyhow e like. How you go take mark am?" Ó tún rẹ́rìn-ín, ó wú ikọ́, ohùn rẹ̀ wá yí padà. "The woman go hospital tomorrow?"

"Tomorrow morning, sir."

"Then why you dey call me? I no teach you? Use your leg."

Mo gba ẹ̀bá omi lọ. Ní gbogbo ọ̀nà, àdúrà tí mo ń gbà ni pé kí Bánkọ́lé má sí nílé. Òun gan-an ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ń di báàgì ọsibítù, Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ẹja, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹja tó kù fún títà. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn níbẹ̀, èmi Alhájì, mo sì sọ fún wọn pé mo ti ba iṣẹ́ náà jẹ́, pé kò sí orin kankan nínú rẹ̀ tó ṣeé gbọ́.

Bánkọ́lé kò pariwo, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ó ní, "Alhaji, you get only one work. One."

Mo ní òótọ́ ni.

Màmá gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ìlàjẹ ló fi sọ̀rọ̀, èmi ń kọ ọ́ bí gbogbo wa ṣe lè kà á. Ó ní, "Dìde, ọma mi. Nígbà tí mo kọrin láàárọ̀, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, Màmá."

"O ò gbọ́ mi. Ẹ̀rù ló kọ gbogbo orin yẹn. Yàrá rẹ tutù, ògiri rẹ kún fún páálí ẹyin, mo ń kọrin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ sin. Mo délé, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé bó bá jẹ́ ìyẹn ni wọ́n máa fi rántí mi, kí wọ́n kúkú gbàgbé mi." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bánkọ́lé, gbé mọ́tò rẹ, kí ẹ lọ gbé ẹ̀rọ ọ̀hún wá síbí. Ìdí ààrò ni mo ti ń kọrin láti ìgbà tí mo ti bí ẹ."

"Mama, you suppose rest."

"Lọ́la ni mo máa sùn. Wọ́n á gún mi lábẹ́rẹ́ oorun lọ́fẹ̀ẹ́."

Ni a bá gbé kọ̀ǹpútà mi sẹ́yìn mọ́tò iṣẹ́ Bánkọ́lé, mo dì í mú bí ọmọ tuntun. Orí pẹpẹ tí wọ́n ti ń ṣa ẹja la gbé e lé. Iná wà, ẹ bá mi dúpẹ́ fún ìyẹn. Gbogbo àgbàlá ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n pé wá wòran. Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo bi àwọn obìnrin pé ta ló ní omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́. Ẹnì kan gbé e wá. Níṣojú gbogbo wọn ni mo nu ilà pupa náà kúrò, tí mo ń ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àgbàlá náà lọ. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Alhaji Cutex!" Ibẹ̀ ni orúkọ mi ti bẹ̀rẹ̀. Bánkọ́lé náà rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé mo ti yè.

Mo dá àwòrán padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo wá wo ibi tó yẹ kí n ti wò láti oṣù mẹ́jọ, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ bí abẹ́rẹ́ Ọ̀gá Ovie, tó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí o bá fa àwòrán dé ọ̀run, òpó yẹn kì í parọ́. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí wá, n kò kà á sí ni.

Màmá tún mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó ń fẹ́ iná, ó ń kọrin. "Omi tó gbé mi wá, kò ní gbé mi lọ." Àwọn ọmọ rẹ̀ gbè é, àwọn aládùúgbò gbè é, omi ń lù mọ́ ìdí ọkọ̀ ní ẹ̀yìn wọn. Ohùn yẹn ń jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lọ́fun rẹ̀. Láàárín orin kẹrin, ewúrẹ́ kan jí ẹja lórí ààrò, ẹnu rẹ̀ jóná, ó fò sókè, Màmá sì bú sẹ́rìn-ín gbà-à láàárín ẹsẹ orin, ó tún bá orin náà lọ láìpàdánù ọ̀rọ̀ kan. Orin mọ́kànlá ló kọ kí oòrùn tó wọ̀. Mo jókòó sórí agolo, omi ń bọ́ lójú mi, mo ní èéfín ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo fi ara balẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tí ojú ti tì. Ojú ẹ̀rọ náà, tìrẹ ni, tò ó bó ṣe tù ọ́ lára. Mo fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, olórin pupa, àwọn tó ń gbè é búlúù, gìtá bí ewé. Mo sọ lẹ́tà di ńlá nítorí ojú mi, mo sì fi ìtò náà pamọ́ pẹ̀lú orúkọ mi, kó lè jẹ́ bákan náà ni mo máa bá a láràárọ̀. Bí mo bá fẹ́ mọ bí orin ṣe rìn, mo máa ń fà á sẹ́yìn kí n lè rí i látòkè délẹ̀. Bí mo bá fẹ́ yọ ikọ́ kan, mo máa ń sún un mọ́ra. Àmọ́ kí ẹ rántí pé àwòrán lẹ sọ di ńlá. Ohùn wà níbi tó wà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún Màmá, ó yọrí sí rere. Ohùn lọ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló kù sí i lẹ́nu, wọ́n ní ẹja rẹ̀ sì wá ń tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ó di kí oníbàárà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gbọ́ iye tó pè é, ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ kò lè nájà mọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ le, ó wá sí sítúdíò, ó ní òun fẹ́ fojú rí ohùn òun.

Mo fi hàn án. Mo ṣàlàyé fún un pé mo ti ń ronú láti gé ẹ̀rín tó wà láàárín orin kẹrin kúrò kí orin náà lè mọ́. Ó fi ọwọ́ júwe pé kí n fi ẹ̀rín náà han òun. Mo sún un mọ́ra díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀rín náà fi kún ojú kọ̀ǹpútà, òkè àti ilẹ̀, òkè àti ilẹ̀. Mo jẹ́ kó dún. Màmá wò ó títí. Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, kò tíì lè rẹ́rìn-ín kó dún.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. "Má gé e."

"Mi ò ní í gé e, Màmá."

"Ìgò pupa rẹ dà?"

Mo gbé e fún un. Ó ṣí i, ó fi ọwọ́ tó ti yan ẹja láti kékeré kan àmì pupa kan sójú gíláàsì kọ̀ǹpútà, gẹ́lẹ́ sábẹ́ ẹ̀rín náà. Èmi tí mo ti kọ́gbọ́n, mo ní, "Màmá, àwòrán yìí máa ń rìn o. Àmì yín kò ní bá a rìn."

Ó ní, "Jẹ́ kó máa rìn. Gbogbo ìgbà tí orin náà bá ń dún, ẹ̀rín náà ṣì máa gba ibẹ̀ kọjá."

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Mo pín àwọn ẹ̀rọ mi fún àwọn tó ṣì ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni n kò fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú pátápátá, pálọ̀ mi ló wà pẹ̀lú àmì pupa lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń bi mí pé, "Grandpa, wetin this dead TV dey do for here?"  Nígbà míì, orin Màmá á máa bọ̀ látinú fóònù ẹnì kan lójú ọ̀nà, mo máa ń kẹ́yìn sí ohun gbogbo bí Ọ̀gá Ovie ṣe kọ́ mi. Bó bá wá ku díẹ̀ kí ewúrẹ́ fò, mo máa ń yíjú padà sí àmì pupa náà, mo sì máa ń rí i tí ẹ̀rín Màmá ń gba ibẹ̀ kọjá.